Ṣé a lè fi títọ́jú igi ìbílẹ̀ àti ilẹ̀ ṣe iṣẹ́ jẹun ní ìwọ̀-oòrùn Kogi? Ẹ jẹ́ ká kó ìmọ̀ jọ

Títí_Ìyàrà

Ẹ òkun o, gbogbo ilé. Ẹni tó ti gba OND nínú iṣẹ́ ọ̀gbìn, tó ń gbé Ìjùmú, tó sì fẹ́ kí igi ìbílẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ òun, ibo ni yóò gbà wọlé? Kì í ṣe tíìkì, kì í ṣe mẹlaina, kì í ṣe kajú o. Ta ló ń sanwó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Kí ló yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó kọ̀wé wáṣẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìṣírí nìkan dá mi lóhùn.

Bàbá_Nọ́sìrì

Àbúrò, òkun o. Iṣẹ́ wà, àmọ́ tí o bá ń wá "olùdáàbòbò igi ìbílẹ̀" nínú ìkéde ìgbanisíṣẹ́, wàá pẹ́ níbẹ̀. Orúkọ míì ló ń jẹ́. Ilé iṣẹ́ ìwakùsà tó gbọ́dọ̀ tún ilẹ̀ ṣe lẹ́yìn tó bá ti hú u tán nílò ẹni tó mọ igi tó lè hù níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ àyíká ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń ra èso òrí nílò ẹni tó lè ya máàpù ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣà á. Olùyẹ̀wò ni wọ́n ń pe ìyẹn. Iṣẹ́ àkànṣe tó ń gbógun ti ọ̀gbàrá ń ra ọ̀gbìn lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Agbaṣẹ́ṣe ni ẹni tó ń tà á fún wọn. Ìmọ̀ kan náà ló gbé gbogbo wọn ró.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, EIA, ìyẹn àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ ńlá yóò ní lórí àyíká, ni ilẹ̀kùn tó máa ń yára ṣí jù. Òfin EIA ti wà láti 1992: iṣẹ́ ńlá bíi ọ̀nà, ìdídò, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tàbí ibi ìwakùsà ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ àyíká ibẹ̀ wò. Àwọn iṣẹ́ ńlá sábà máa ń gba àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀kan nígbà òjò, ọ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọ̀gá tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ló ń gba iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá kì í ka igi fúnra wọn. Wọ́n máa ń wá ẹni tó gbọ́ èdè ibẹ̀, tó mọ igi, tó sì lè rìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé Ọ̀bájànà tàbí Ìsánlú, ìwọ ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ti ìwakùsà: òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti 2007 sọ pé kí ẹni tó gba ìwé àṣẹ ìwakùsà bá ìlú tó ni ilẹ̀ ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè, kó sì ní ètò tí yóò fi tún ilẹ̀ ṣe. Lórí ìwé, ètò yẹn máa ń dára. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé wọ́n á gbin mẹlaina sórí òkìtì erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ tí kò ní ọ̀rá kankan, yóò gbẹ, wọ́n á tún sọ pé àwọn gbìyànjú. Ẹni tó bá ní kí wọ́n kó ilẹ̀ òkè, ìwọ̀n ogún sẹ̀ǹtímítà àkọ́kọ́, sọ́tọ̀ kí katapílà tó wọlé, tó sì tún ní kí wọ́n dá a padà sórí kó tó gbin nǹkan, ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ẹ̀ṣọ́_Igbó

Òótọ́ ni Bàbá sọ, àmọ́ ẹ má gbàgbé iṣẹ́ ìjọba. Ní ìpínlẹ̀, ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń rí sí àyíká ní Lọ́kọ́ja ni ọ̀rọ̀ igbó wà. Ní ti àpapọ̀, àjọ tó ń bójú tó àwọn páàkì orílẹ̀-èdè wà, wọ́n sì fi mẹ́wàá kún páàkì wọn ní 2020. Kampe ní Kwara, tí kò jìnnà sí Yàgbà, wà lára wọn.

Àjọ tó ń ṣèwádìí igbó, FRIN, ní Jericho, Ìbàdàn, wà láti 1954. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì igbó wà: Ìbàdàn, Jos, Afaka ní Kaduna, àti ti ẹranko ìgbẹ́ ní New Bussa. Bóo bá fẹ́ lọ ṣe HND níbẹ̀, bèèrè kí o tó sanwó fọ́ọ̀mù bóyá wọ́n gba OND iṣẹ́ ọ̀gbìn sí ẹ̀ka igbó. Ẹ̀ka míì lè ní kí o kọ́kọ́ ṣe àfikún. Bó bá jẹ́ yunifásítì lo fẹ́, Ìlọrin, Àkúrẹ́, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ló ní ẹ̀ka igbó tó sún mọ́ wa. Ibi tó pọ̀ á béèrè upper credit.

Ohun kan tí kò sẹ́ni tó ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́: 27 oṣù kẹjọ 1991 ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀, inú Kwara ni àwa ti wá, ṣáájú ìyẹn a wà lábẹ́ Kabba Province ti Àríwá. Nítorí náà, ìwé ààlà àwọn igbó ọba tó wà lọ́dọ̀ wa lè má sí ní Lọ́kọ́ja rárá. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kaduna ni kí o wò fún ti àtijọ́, kí o tún bèèrè ní Ìlọrin. Ẹni tó bá lè ka ìwé ààlà àtijọ́, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi odò àti òkè júwe rẹ̀, tó sì lè gbé e sórí máàpù òde òní, kò ní ẹlẹgbẹ́ púpọ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí.

Ẹlẹ́wé_Gbígbẹ

Kí ẹ tó máa lé àwọn ọ̀gá EIA kiri, ẹ mọ igi. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń já kulẹ̀. Wọ́n á ní "igi kan báyìí, ewé rẹ̀ rí pẹlẹbẹ".

Fún ọ̀dàn àti igbó etí odò wa, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọgọ́ta igi. Orúkọ ilé àti orúkọ Látìnì, méjèèjì. Orúkọ ilé nìkan kò tó, nítorí àyàn tí wọ́n ń sọ nínú igbó gúúsù, Distemonanthus benthamianus ni. Nínú ọ̀dàn, Prosopis africana ni àwọn kan ń pè bẹ́ẹ̀. Bí o bá kọ àyàn lásán sínú ìwé, ẹni tó wà ní Ìbàdàn yóò rò pé igbó dúdú lo wà.

Díẹ̀ tí kò gbọdọ̀ ṣì ọ́ lọ́wọ́: òrí, Vitellaria paradoxa, irúgbá, Parkia biglobosa, apá, Afzelia africana, àyìn, Anogeissus leiocarpus, ìyá, Daniellia oliveri, ìrókò, Milicia excelsa, ọ̀gánwó, Khaya, àpèpè, Pterocarpus erinaceus, tí àwọn oníṣòwò pákó ń pè ní kósò, orín àtà, Zanthoxylum zanthoxyloides, ẹ̀ẹ̀rù, Xylopia aethiopica, àgbálùmọ̀, Chrysophyllum albidum, àwin, Dialium guineense.

Má gbẹ́kẹ̀ lé ewé nìkan, nítorí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ewé lè má sí. Fi ọ̀bẹ gé èèpo díẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ kó má ju àtàǹpàkò lọ. Àpèpè á sun omi pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ìrókò àti òrí á sun oje funfun. Èèpo ọ̀gánwó pọ́n, ó sì korò burúkú. Ìyá ní oje tó ń ta sánsán. Èèpo àyìn funfun, ẹ̀ka rẹ̀ sì ń wọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o wá wo bí ewé ṣe tò: ṣé méjì ló kọjú síra ni tàbí wọ́n ń gbara wọn lẹ́yìn, ṣé ewé kan ni tàbí ewé wẹ́wẹ́ lórí ọ̀pá kan.

Ohun tí o ò bá mọ̀, ká a. Bí a ṣe ń ṣe é: gé ẹ̀ka tó ní ewé pẹ̀lú òdòdó tàbí èso, gígùn rẹ̀ ní ìwọ̀n ọgbọ̀n sí ogójì sẹ̀ǹtímítà. Èyí tí kò ní òdòdó tàbí èso, ìwọ̀nba ni ẹnikẹ́ni lè fi ṣe. Gé mẹ́ta lára igi kan náà: ọ̀kan fún ọ, ọ̀kan fún ilé ìkóṣàmọ́ ewé FRIN ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń pè ní FHI, ọ̀kan fún ilé ẹ̀kọ́ tó bá sún mọ́ ọ. Tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, yí ewé kan kó kọjú sẹ́yìn kí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn, fi páálí sáàárín, dè é pinpin láàárín igi pẹlẹbẹ méjì. Pààrọ̀ ìwé ìròyìn lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́. Nígbà òjò, bí o kò bá pààrọ̀ rẹ̀, èbu ló máa jẹ ẹ́, ewé á sì já kúrò lára ọ̀pá.

Nọ́ńbà ẹ̀ka tí o gé ni kí o kọ́kọ́ kọ, kí o tó gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ọjọ́, ibi, GPS, gíga igi, àwọ̀ òdòdó, òórùn, oje, orúkọ tí ará ibẹ̀ ń pè é àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Àwọ̀ òdòdó ṣe pàtàkì nítorí pé yóò ṣí bó bá gbẹ. Pẹ́ńsù ni kí o lò. Yíǹkì bíró á yọ́ bí omi bá kàn án.

Onímáàpù

Kúkúrú ni tèmi. Fi KoboCollect, áàpù tí a fi ń kọ ohun tí a bá rí lóko sílẹ̀, sórí fóònù, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, yóò fi ránṣẹ́ nígbà tí o bá padà dé ìlú. Kọ́ QGIS tí a fi ń ya máàpù lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Dúró jẹ́ẹ́ títí àṣìṣe GPS yóò fi wálẹ̀ sí mítà márùn-ún kí o tó tẹ̀ ẹ́. Lábẹ́ igi dídí, ó lè má wálẹ̀ rárá, jáde sí gbangba kí o kọ iye ẹsẹ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti igi.

Ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, nọ́ńbà àríwá máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7 tàbí 8, ti ìlà-oòrùn pẹ̀lú 5 tàbí 6. Kàbà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 7.83 àti 6.07. Bí o bá kọ èyí tó yẹ kó ṣíwájú sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ Abakaliki ni igi rẹ yóò bọ́ sí.

Wíwọn igi: mítà 1.3 láti ilẹ̀ ni a ti ń fi téèpù yí i ká. Pín in sí 3.14. Tí téèpù bá ka 157 sẹ̀ǹtímítà, àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà ni ìbú igi yẹn. Bí ìdí igi bá wú gègèrè kọjá 1.3, gòkè títí o ó fi dé ibi tó rí rọ̀bọ̀tọ̀, kí o kọ gíga ibi tí o ti wọ̀n ọ́n. Ẹni tí kò bá kọ ìyẹn, ọdún tó ń bọ̀ kò ní mọ̀ bóyá igi ló sanra ni àbí téèpù ló yí padà.

Bàbá_Nọ́sìrì

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti nọ́sìrì, torí ibẹ̀ ni owó ti ń wọlé láàárín iṣẹ́ EIA kan sí òmíràn.

Ohun tó ń ba nọ́sìrì igi ìbílẹ̀ jẹ́ kì í ṣe omi, kì í ṣe kòkòrò. Irúgbìn ni. Ẹni tó ń tọ́ mẹlaina máa ń rí irúgbìn ra. Ti apá àti ọ̀gánwó, ìwọ lo máa wá a, o sì gbọ́dọ̀ mọ oṣù rẹ̀. Apá máa ń gbó láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, oṣù kejìlá sí ìkejì. Ìrókò àti ọ̀gánwó, oṣù kejì sí ìkẹrin. Irúgbá, oṣù kẹta sí ìkarùn-ún. Òrí, nígbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, oṣù karùn-ún sí ìkeje. Ẹni tó bá rí iṣẹ́ gbà ní oṣù karùn-ún tó ní òun fẹ́ gbin apá lọ́dún yẹn ti pẹ́.

Má ṣà á lábẹ́ igi kan ṣoṣo. Ìyá igi, ìyẹn igi tí a ti ń ṣa irúgbìn, kó tó márùndínlọ́gbọ̀n ó kéré tán, kí wọ́n jìnnà síra tó ọgọ́rùn-ún mítà bó bá ṣeé ṣe. Lórí igi kọ̀ọ̀kan, má kó ju ìdá kan nínú márùn-ún èso tó gbó lọ. Fi gọ̀ngọ̀ já a, má gé ẹ̀ka. Ẹni tó kó gbogbo rẹ̀ lórí igi kan, ọmọ ìyá kan náà ló máa kún inú oko náà, àrùn tó bá mú ọ̀kan yóò mú gbogbo wọn. Kí o tó kó o kúrò níbẹ̀, gé ogún lára rẹ̀ sí méjì. Bí inú mẹ́wàá bá ṣófo tàbí tí kòkòrò ti jẹ ẹ́, fi igi yẹn sílẹ̀.

Wàyí o, oríṣiríṣi ni wọ́n.

Òrí kì í ṣeé fi pamọ́. Bó bá gbẹ, ó ti kú. Bọ́ ara èso, gbìn ín láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Gbòǹgbò rẹ̀ á kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ lọ jìnnà, ẹ̀yìn náà ni ọ̀mùnú yóò ti abẹ́ ilẹ̀ yọ. Àwọn tó ń kánjú máa ń rò pé kò hù, wọ́n á dà á nù. Fún un ní oṣù méjì. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù dúdú tí yóò gbà á gbọ́dọ̀ jìn tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Bó bá kúrú, gbòǹgbò á ká sísàlẹ̀, igi náà ò sì ní nà lóko láé.

Irúgbá, èèpo irúgbìn rẹ̀ le koko, omi kì í wọ̀ ọ́. Se omi kó hó, gbé e kúrò lórí iná, ìgbà yẹn ni kí o dà á lé irúgbìn, kí omi pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀. Fi sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá wú, gbìn ín. Èyí tí kò wú, tún omi gbígbóná dà lé e. Má ṣe sè é lórí iná o, irú lo máa sè yẹn.

Apá, rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, bọ́ ara aláwọ̀ ọsàn tó wà nídìí rẹ̀. Ìrókò kéré bí erùpẹ̀: fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ilẹ̀ kíkúnná nínú àpótí, má bò ó, kí omi tí o ó fi wọ́n ọn máa rọ̀ bí ìrì. Ọ̀gánwó, má jẹ́ kó ju oṣù mélòó kan lọ lọ́wọ́ rẹ.

Ilẹ̀ tí a ó kún sínú ọ̀rá: bárò mẹ́ta ilẹ̀ òkè, méjì ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà dáadáa, ọ̀kan yanrìn odò. Ìgbẹ́ adìẹ tútù á jó o. Tí o bá ní ẹgbẹ̀rún ọ̀gbìn láti tà, kún ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọ̀ọ́dúnrún ọ̀rá. Máa gbé ọ̀rá kúrò níbi tó wà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta kí gbòǹgbò má baà wọ ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó wá kó o, ká ibòji kúrò, dín omi kù. Ọ̀gbìn tó ti ń jayé nínú ibòji, oòrùn oko á pa á lọ́jọ́ kejì.

Pákó_Ni_Owó

Gbogbo èyí dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Tíìkì ló ń mówó wá. Ta ló fẹ́ dúró de ìrókò?

Bàbá_Nọ́sìrì

Tíìkì ń mówó wá, a ò sọ pé kò mú un wá. Ìbéèrè Títí ò kan tíìkì. Àti pé ẹni tó bá gbin ìrókò nìkan bí wọ́n ṣe ń gbin tíìkì, kòkòrò Phytolyma lata yóò wá, ewé á wú ìwúkúwùú, orí ọ̀gbìn á jẹrà. Kì í ṣe pé igi náà ò dára, bí wọ́n ṣe gbìn ín ni kò dára. Ìrókò fẹ́ wà káàkiri láàárín igi míì, lábẹ́ ibòji díẹ̀. Ọ̀gánwó náà bẹ́ẹ̀: kòkòrò Hypsipyla robusta máa ń lu orí rẹ̀ ní ihò, igi á sì pín sí ẹ̀ka mẹ́ta-mẹ́rin nílẹ̀.

Àgbẹ̀_Yàgbà

Ẹ ti sọ ti igi tán, ẹ kò tíì sọ ti ilẹ̀. Iṣẹ́ yìí ò ṣeé ṣe lórí ilẹ̀ ẹni tí kò gbọ́.

Òfin ilẹ̀ 1978 fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, ìjọba ìbílẹ̀ sì lè fúnni ní ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ abúlé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ẹbí ló ń pín ilẹ̀ ní Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ohun tó ń fa ìjà jù nínú iṣẹ́ gbingbin igi ni pé ẹni tí a yá ilẹ̀ fún kì í gbin igi tó ń pẹ́ síbẹ̀. Iṣu, ó lè gbìn ín. Àgbàdo, ó lè gbìn ín. Bó bá gbin igi, bí ẹni tó ń sọ pé tòun ni ilẹ̀ náà ni. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àkànṣe fi máa ń pín ọ̀gbìn fún àwọn àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ àyálò, tí ọ̀gbìn yóò sì gbẹ sábẹ́ ògiri. Kì í ṣe ọ̀lẹ wọn ni. Wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbìn ín ni.

Nítorí náà, kí o tó gbẹ́ ihò kan: lọ bá olórí ẹbí, kì í ṣe ọmọ tó ń gbé Àbújá tó sọ pé òun ni. Jẹ́ kí àwọn obìnrin tó ń ṣa òrí àti irú lórí ilẹ̀ náà wà níbi ọ̀rọ̀, torí wọ́n lè má ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n èso wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà. Rìn yí ààlà ká pẹ̀lú àwọn tó bá wọn pààlà lọ́tùn-ún lósì, kí gbogbo wọn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ni ilẹ̀, ta ló ni igi, ta ló ni èso, ọdún mélòó, ta ló ń ro ó, kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí iná bá jó o. Kí olórí ẹbí, ọba tàbí baálẹ̀, àti ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ kábọ́ọ̀nù, àwọn tó ń sanwó nítorí kábọ́ọ̀nù tí igi ń fà mọ́ra látinú afẹ́fẹ́, ló gbé ìwé wá, ka iye ọdún rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àdéhùn wọn lè tó ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀tọ́ àtidáko lórí ilẹ̀ náà sì lè wà lára ohun tí ẹbí ń fi sílẹ̀. Kí lọ́yà ẹbí fúnra rẹ̀ kà á.

Igbó imọlẹ̀ àti igbó ẹbọra: má wọ̀ ọ́ láìgba àṣẹ, má ya fọ́tò, má fi GPS ibẹ̀ sórí ẹ̀rọ ayélujára. Ìyá igi tó dára jù ní ìlú míì, ibẹ̀ ló kù sí. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ lè fún ọ láyè láti ṣa èso tó bọ́ sílẹ̀ létí rẹ̀. Ìyẹn náà tó.

Ohun kan sì tún wà tó dín owó kù ju gbígbìn lọ. Ọ̀pọ̀ igi ọ̀dàn tí wọ́n ti gé fún èédú tàbí oko iṣu, kùkùté rẹ̀ ṣì wà láàyè. Yan ọ̀mùnú mẹ́ta tó le jù lórí kùkùté kọ̀ọ̀kan, gé ìyókù, gé ẹ̀ka tó wà nísàlẹ̀ ìdajì gíga rẹ̀ kúrò, kí o sì máa padà wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Gbòǹgbò àtijọ́ ló ń gbé e, kò nílò kí a bomi rin ín. Ní orílẹ̀-èdè Niger ni wọ́n ti fi ọ̀nà yìí dá igi padà sórí oko lọ́pọ̀ yanturu láti 1983 wá. Iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àgbẹ̀ nìyẹn, àwọn iṣẹ́ àkànṣe sì ń sanwó fún ẹni tó lè kọ́ni.

Ìyá_Olórí

Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Títí, fi etí sí ti òrí o. Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́fà nínú kíkó èso òrí tútù lọ sókè òkun, kí wọ́n lè máa fún un nílé. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń fún òrí ń wá èso tó mọ́, tó sì lè tọpa ibi tó ti wá. Bí ẹgbẹ́ obìnrin kan bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí pé kò sí kẹ́míkà nínú tiwọn, wọ́n gbọ́dọ̀ ní máàpù ibi ìṣà, orúkọ gbogbo aṣà, àti ẹni tó ń yẹ̀ wọ́n wò nínú ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Ọmọ OND tó mọ KoboCollect lè ṣe gbogbo rẹ̀. Bí oko kajú tí wọ́n ń fín bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìṣà, kí o sọ ọ́ kí àwọn tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí tó wá bá a níbẹ̀. Ohun tó ń gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀ṣọ́_Igbó

Òfin míì: àpèpè wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò igi àti ẹranko tó wà nínú ewu, ìpele kejì, láti oṣù kìíní 2017. Láti oṣù kejì 2023, apá, ọ̀gánwó àti gbogbo Pterocarpus ilẹ̀ Áfíríkà ti wọ ìpele kan náà. Kò túmọ̀ sí pé a ò lè gbìn wọ́n tàbí tọ́ wọn, àmọ́ pákó wọn kò gbọdọ̀ kọjá ibodè láìní ìwé àṣẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o "ka igi" fún òun, bèèrè ohun tó fẹ́ fi iye náà ṣe. Àwọn kan ń gba ẹni tó mọ igi kí ó lè júwe ibi tí àpèpè kù sí fún wọn. Irúgbìn tó ń lọ sókè òkun, ọ̀dọ̀ àjọ tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò, NAQS, ni ìwé rẹ̀ ti ń jáde.

Ti ààbò, ẹ má fi ṣeré. Ẹ mọ bí igbó wa ṣe rí báyìí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá wọ igbó. Ẹni mẹ́ta ó kéré tán, kí ọlọ́dẹ tàbí fijilanté ìlú náà jẹ́ ọ̀kan. Kọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà àti wákàtí tí ẹ ó dé sílẹ̀, fún ẹni tó wà nílé. Má fi ibi tí o wà sórí Facebook títí o ó fi padà. Bí ará ìlú bá ní kí ẹ má lọ lónìí, ẹ má lọ lónìí. Kọ owó ọlọ́dẹ sínú ìnáwó iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá tó bá ní kò sí owó fún ìyẹn, iṣẹ́ rẹ̀ kò yẹ ní gbígbà.

Títí_Ìyàrà

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn tí mo bá gbìn ín sóko ńkọ́? Kí ló ń pa á jù?

Àgbẹ̀_Yàgbà

Iná. Lẹ́yìn náà màlúù. Lẹ́yìn náà ewé Akíntọ́lá àti ẹ̀kan.

Gbìn ní oṣù kẹfà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀. Kọjá àárín oṣù kẹsàn-án, má gbin nǹkan, gbòǹgbò ò ní jìn tó kí òjò tó lọ. Ihò ogójì sẹ̀ǹtímítà níbùú, lóròó, ní jíjìn. Ya ọ̀rá kúrò pátápátá. Ó yani lẹ́nu bí àwọn èèyàn ṣe ń gbìn ín pẹ̀lú ọ̀rá. Òrí àti irúgbá lórí oko, mítà mẹ́wàá sí mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún igi nínú hẹ́kítà kan, àgbẹ̀ á sì máa gbin iṣu láàárín rẹ̀. Ro ìdí rẹ̀ ní mítà kan yí ká, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún àkọ́kọ́.

Ewé Akíntọ́lá, Chromolaena odorata, máa ń jó gan-an bó bá gbẹ, iná rẹ̀ á gun orí igi. Gé e kó tó so, kó tó di oṣù kejìlá. Ẹ̀kan, bí o bá fi ọkọ́ ro ó lẹ́ẹ̀kan, o ń gé gbòǹgbò rẹ̀ wẹ́wẹ́ ni, kọ̀ọ̀kan á sì hù. Tẹ̀ ẹ́ lulẹ̀, fi ibòji pa á: gbin ẹ̀wà tàbí mùkúnà, ewéko tó ń fà bo ilẹ̀, sórí rẹ̀.

Ọ̀nà iná, mítà márùn-ún yí oko ká, kó ti mọ́ kí oṣù kọkànlá tó parí. Bí àgbègbè náà bá jẹ́ ibi tí wọ́n máa ń sun igbó dandan, bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n tètè sun ún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀. Iná oṣù kẹta ló ń pa igi. Ti màlúù, bá àwọn tó ń dà wọ́n sọ̀rọ̀ ṣáájú ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì fi apá sínú ọgbà. Ewé rẹ̀ ni wọ́n ń gé fún màlúù jẹ jù.

Títí_Ìyàrà

Ẹ kú iṣẹ́. Ìkan tó kù: àpò irúgbìn irúgbá kan wà nílé tó ti gbẹ, ó ti pé ọdún méjì. Ṣé ó ṣì lè hù?

Bàbá_Nọ́sìrì

Ó ṣeé ṣe, bí kòkòrò ò bá tíì wọ̀ ọ́. Dán an wò kí o tó kún ọ̀rá. Ka àádọ́ta láìṣẹ̀ṣà, fi omi gbígbóná rẹ ẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ lókè, gbìn ín sínú yanrìn tútù, ka èyí tó hù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ọgbọ̀n bá hù nínú àádọ́ta, ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Tí o bá fẹ́ ẹgbẹ̀ta ọ̀gbìn, gbin ẹgbẹ̀rún kan. Bí iye tó hù bá kéré sí mẹ́wàá, fún ìyá nílé kó fi ṣe irú, kí o dúró de oṣù kẹta.